Ìyàwó Tí Kò Kó Lọ Sílé Ọkọ

[Ìpè kẹta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Káfíńtà rí orúkọ tó yọ lójú fóònù: àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà. Oṣù méje rèé tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Ó fá pákó ọwọ́ rẹ̀ dé ìpẹ̀kun kó tó gbé ìpè náà.]

TÍṢÀ: Hẹlò? Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o!

KÁFÍŃTÀ: Ta ni yẹn?

TÍṢÀ: Èmi ni.

KÁFÍŃTÀ: Èmi ta ni? Èmi pọ̀ láyé.

TÍṢÀ: Àbúrò yín ni, sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?

KÁFÍŃTÀ: Ẹsẹ̀ wo?

TÍṢÀ: Èyí tí ìṣó gún.

KÁFÍŃTÀ: Ìyẹn ti lé ní oṣù márùn-ún. Ó ti san, ó ti gbàgbé. Ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá wò, ṣe ló máa ń tètè san.

TÍṢÀ: Ẹ má bínú.

KÁFÍŃTÀ: Ta ló ń bínú?

[Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó ń han gooro lẹ́yìn rẹ̀. Kò pa á.]

TÍṢÀ: Bọ̀dá, ariwo yẹn—

KÁFÍŃTÀ: Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá ń pe oníṣẹ́ á gbọ́ ariwo iṣẹ́. Àbúrò, ìkíni ti tó. Ẹni tó pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta kì í ṣe ẹsẹ̀ ló fẹ́ kí. Kí ló dé?

TÍṢÀ: Ṣé ẹ... ṣé ẹ gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi kọjá lọ́sẹ̀ yìí?

KÁFÍŃTÀ: Títì kì í ṣe ti bàbá ẹnì kankan.

TÍṢÀ: Mo ní ṣé ẹ yà síbẹ̀ ni—

KÁFÍŃTÀ: Hẹlò? Ohùn rẹ ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Mo gbọ́ yín. Ògiri ibí yìí ló nípọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù ni mo wà.

KÁFÍŃTÀ: Ẹn-hẹn! Ilé àna. Ìyàwó ò lè dúró di Sátidé, ó ti sáré lọ jókòó sílé àna láti Ọjọ́bọ̀.

TÍṢÀ: Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá. Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ rí Màdáámù?

KÁFÍŃTÀ: Màdáámù wo?

TÍṢÀ: Màdáámù tó ni driving school. Ọ̀gá mi. Obìnrin kúkúrú, tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí.

KÁFÍŃTÀ: Ó ti ròyìn mi nìyẹn. Mo mọ̀. Ojú rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀.

TÍṢÀ: Ẹ lọ lóòótọ́!

KÁFÍŃTÀ: Mo lọ. Lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo gé èékánná, mo lọ. Ohun tí olórí ilé ń ṣe ni mo ṣe. Ìwọ lo yẹ kó o dúpẹ́.

TÍṢÀ: Kí lẹ sọ fún wọn?

KÁFÍŃTÀ: Mo ní àbúrò mi ń relé ọkọ ní Sátidé, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ wọn ní mọ́tò. Mo ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́ rẹ. Mo ní a dúpẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo tún ní—

TÍṢÀ: Yéè! Olúwa mi!

KÁFÍŃTÀ: Kí lo ń pariwo sí? Àbí wọ́n ń wa mọ́tò ní kọ́ńfẹ́ntì?

TÍṢÀ: Bọ̀dá, ta ló sọ fún yín pé mò ń lọ sí kọ́ńfẹ́ntì?

KÁFÍŃTÀ: Káàdì ìkésíni rẹ ni. Èyí tó o fi rán Àǹtí wa sí mi, tí ìwọ fúnra rẹ ò lè gbé wá. Mo kàwé dé ìwé karùn-ún, mo lè ka káàdì. “Ìyàwó Krístì,” ó wà níbẹ̀, wọ́n fi yẹ́lò kọ ọ́. Ìyàwó sì ń kó lọ sílé ọkọ. Ilé ọkọ yìí, níbo ni yóò wà tí kì í bá ṣe kọ́ńfẹ́ntì, ilé àwọn Sísítà?

TÍṢÀ: Mi ò lọ kọ́ńfẹ́ntì kankan.

[Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Káfíńtà ló pa á.]

KÁFÍŃTÀ: O ní kí ni?

TÍṢÀ: Mi ò lọ ibì kankan! Mi ò di Sísítà. Wúndíá tí a yà sí mímọ́ ni, ó yàtọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù á gbàdúrà lé mi lórí. Á fún mi ní òrùka, á fún mi ní ìbòjú, á fún mi ní ìwé àdúrà. Lẹ́yìn náà màá wọ mọ́tò, màá padà sí yàrá méjì tí mò ń gbé lẹ́yìn ilé oògùn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, màá kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń yí kọ̀nà.

KÁFÍŃTÀ: Sátidé ìgbéyàwó, Mọ́ńdè iṣẹ́.

TÍṢÀ: Bẹ́ẹ̀ ni.

KÁFÍŃTÀ: Tí ìwọ á máa sùn nílé ara rẹ.

TÍṢÀ: Bẹ́ẹ̀ ni.

KÁFÍŃTÀ: Tí ìwọ á máa san owó ilé.

TÍṢÀ: Èmi náà ni.

KÁFÍŃTÀ: Tí iná bá jó, ta ló máa gun àga pààrọ̀ gílóòbù?

TÍṢÀ: Èmi tí mò ń pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Irú ọkọ wo wá nìyẹn? Ọkọ tí kò nílé, tí kò pààrọ̀ gílóòbù, tí kò sì wá kí àna rẹ̀ rí! Ó tún ní ẹnu láti fi Bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́. Aṣọ ńkọ́? Aṣọ wo lo máa wọ̀ tí a ó fi mọ̀?

TÍṢÀ: Aṣọ tí mò ń wọ̀ tẹ́lẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Kò ní sí ẹni tó máa dá ọ mọ̀?

TÍṢÀ: Kò pọn dandan kí wọ́n dá mi mọ̀.

KÁFÍŃTÀ: Àbí wọ́n á lẹ àmì mọ́ ọ lẹ́yìn, bíi L tó wà lẹ́yìn mọ́tò yín? Kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fà sẹ́yìn?

TÍṢÀ: Ẹ rẹ́rìn-ín tán.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò tíì rẹ́rìn-ín. Wúndíá ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì! Tó ń fi gíà lé àwọn ọkùnrin lọ́wọ́ láàárín títì!

TÍṢÀ: Fádà tó ń ṣètò Sátidé yìí, èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò. Ó fi mọ́tò gbá igi lẹ́ẹ̀mejì. Kò tijú mi.

KÁFÍŃTÀ: Hẹlò? Hẹlò? Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́ mi. Bọ̀dá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, kò sí àkókò. Ẹ ti ba ayé mi jẹ́.

KÁFÍŃTÀ: Ẹnu rẹ náà nìyẹn.

TÍṢÀ: Bíṣọ́ọ̀bù kì í gba ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nìyẹn: “Ọmọ mi, kí lo máa jẹ?” Torí pé ìjọ kò ní bọ́ mi, kò sí ẹni tó máa bọ́ mi. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ mi pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́tà yẹn nìkan ló kù. Fádà wá pe driving school láàárọ̀ yìí láti béèrè rẹ̀—

KÁFÍŃTÀ: Dúró. Dúró níbẹ̀. Ọkọ pe ìyàwó, ó ní kí ni ìyàwó máa fi bọ́ ara rẹ̀?

TÍṢÀ: Bọ̀dá!

KÁFÍŃTÀ: Mo kàn ń béèrè ni. Èmi tí mi ò kàwé, mo kọ́kọ́ kó oúnjẹ wọlé kí n tó fẹ́ ìyàwó.

TÍṢÀ: Ìyàwó ọ̀hún dà?

[Tíṣà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n òun. Káfíńtà wúkọ́.]

KÁFÍŃTÀ: Kí ni Màdáámù sọ fún Fádà?

TÍṢÀ: Ó ní mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló wá sọ ọ́ níṣojú gbogbo learner. Ó ti gba ọkùnrin kan tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Fádà pè mí wá síbí, ojú rẹ̀ pupa. Ó bi mí pé ṣé mò ń tan Bíṣọ́ọ̀bù jẹ ni. Èmi! Bíṣọ́ọ̀bù ń jáde ní agogo méjìlá. Bí lẹ́tà ò bá dé ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí Sátidé mọ́.

KÁFÍŃTÀ: Kí wọ́n sún un sí oṣù tó ń bọ̀. Ṣé ọkọ rẹ ń rìnrìn àjò ni?

TÍṢÀ: Bíṣọ́ọ̀bù ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀! Ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ kò mọ̀ mí rí. Ó lè ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì lè ní òun ò fẹ́ irú ẹ̀ níbi tí òun wà. Ọdún mẹ́fà, Bọ̀dá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

KÁFÍŃTÀ: Mo gbọ́. Agogo mélòó ló lù báyìí?

TÍṢÀ: Méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

KÁFÍŃTÀ: Ó tó. Pe Màdáámù, sọ fún un pé irọ́ ni.

TÍṢÀ: Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní òun ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ó ní ẹnu tó wá tú iṣẹ́ náà ká ni kó wá kó o jọ. Ẹ̀yin. Kí ẹ pè é, kí ẹ sọ pé ẹ ṣàṣìṣe.

KÁFÍŃTÀ: Kí n sọ pé kí ni?

TÍṢÀ: Pé ẹ ṣàṣìṣe.

KÁFÍŃTÀ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dára.

TÍṢÀ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára! Ẹ gbọ́ mi!

KÁFÍŃTÀ: Àṣìṣe wo ni mo ṣe? Ìwọ lo dákẹ́. Oṣù méje, o ò pè. Ká ní o pè, ká ní o sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ tí mò ń fẹ́ yìí kò nílé,” ṣé mo máa lọ síbẹ̀ ni?

TÍṢÀ: Ẹ ní kí n má pè! Mo wá bá yín jókòó lórí pákó yín, mo sọ fún yín pé mo fẹ́ fi ara mi fún Ọlọ́run. Kí lẹ sọ? Ẹ ní, “Tó o bá ṣe é, má pè mí mọ́ láyé.”

KÁFÍŃTÀ: Ta ló máa ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ènìyàn bínú, ó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń pè.

TÍṢÀ: Ọjọ́ kejì wo? Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dárí ji ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́, tó sì ti kú!

KÁFÍŃTÀ: Kíkú rẹ̀ ò dá òòlù mi padà.

TÍṢÀ: Ẹ ò rí i?

KÁFÍŃTÀ: Àbúrò, jẹ́ kí n bá ọ sọ òótọ́. Ìwé karùn-ún ni mo wà nígbà tí bàbá wa kú. Wọ́n fi ayùn lé èmi lọ́wọ́, wọ́n fi ìwé lé ìwọ lọ́wọ́—

TÍṢÀ: Ó ti dé.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló dé?

TÍṢÀ: Ìwé karùn-ún. Mo ti ń retí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo yege ìdánwò, ẹ sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo gba ìwé àṣẹ tíṣà mọ́tò, ẹ sọ ọ́. Ọjọ́ tí a sin ìyá wa, ẹ sọ ọ́ létí sàárè. Bọ̀dá, mo dúpẹ́. Mo ti dúpẹ́ títí ẹnu mi fi gbó. Kí ni kí n tún ṣe?

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀rẹ́ mi tó ń wọ aṣọ fún àga ńkọ́?

TÍṢÀ: Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín sinmi.

KÁFÍŃTÀ: Ọkùnrin gidi! Tó ní ọwọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó lè gun àga pààrọ̀ gílóòbù! Mo ti kan bẹ́ẹ̀dì yín! Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́fà ní fífẹ̀. O ní rárá.

TÍṢÀ: Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ kàn án.

KÁFÍŃTÀ: Ó wà níbí. Mò ń wò ó báyìí. Àwọn oníbàárà ń béèrè, mo ní kì í ṣe títà.

TÍṢÀ: Láti ọdún mọ́kànlá! Ọ̀rẹ́ yín ti gbéyàwó, ó ti bí mẹ́rin, ó ti pá lórí, ẹ̀yin ṣì ń pa eruku lára bẹ́ẹ̀dì!

KÁFÍŃTÀ: Igi dáadáa kì í jẹrà.

TÍṢÀ: Orí kunkun náà kì í jẹrà. Bọ̀dá, bíréèkì méjì ló wà nínú mọ́tò tí mo fi ń kọ́ ènìyàn. Ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ learner, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ò ní ẹyọ kan.

KÁFÍŃTÀ: Wò ó, tó bá jẹ́ èébú lo pè mí fún—

TÍṢÀ: Méjìlá ku ogún.

[Káfíńtà gbé fóònù sí etí kejì. Wọ́n ń kan ìṣó níbì kan lókèèrè, ẹni tó ń kàn án dáwọ́ dúró.]

KÁFÍŃTÀ: Ká ní mo mọ̀, ǹ bá má ti kan àpótí.

TÍṢÀ: Àpótí wo?

KÁFÍŃTÀ: Kò sí nǹkan.

TÍṢÀ: Bọ̀dá, àpótí wo?

KÁFÍŃTÀ: Tí wàá kó ẹrù rẹ sí lọ kọ́ńfẹ́ntì. Ṣé ó yẹ kí ìyàwó gbé ọ̀rá dání wọlé ọkọ? Mo fi idẹ sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àjẹkù pákó ni.

[Kì í ṣe àjẹkù pákó.]

TÍṢÀ: Ẹ ò fẹ́ kí n lọ, ẹ sì kan àpótí.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò ní kó o lọ. Mo ní tó o bá máa lọ, má lọ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Wọ́n á máa wò ọ́ níbẹ̀. Àwọn Sísítà yẹn, gbogbo wọn ló kàwé.

TÍṢÀ: Ẹ tún máa lọ sọ fún onílé mi pé mò ń kó jáde nìyẹn?

KÁFÍŃTÀ: Ìrọ̀lẹ́ òní.

TÍṢÀ: Ẹ jókòó síbẹ̀! Ẹ má ṣe dìde!

KÁFÍŃTÀ: Mo ti jókòó.

TÍṢÀ: Ẹ pe Màdáámù. Ẹ ní fóònù kejì. Ẹ fi pè é, kí ẹ gbé e sí speaker, kí ẹ fi tèmi sílẹ̀ kí n máa gbọ́.

KÁFÍŃTÀ: O ò fọkàn tán mi?

TÍṢÀ: Rárá.

KÁFÍŃTÀ: Kò burú. Màá pè é. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní bí mo ṣe máa sọ tèmi.

TÍṢÀ: Bọ̀dá, please.

[Fóònù kejì ń dún. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹrin.]

MÀDÁÁMÙ: Driving school, ẹ káàárọ̀.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ káàárọ̀.

MÀDÁÁMÙ: Ta ló ń sọ̀rọ̀?

KÁFÍŃTÀ: Ẹni tó wá lọ́jọ́ Túsìdeè.

MÀDÁÁMÙ: Èyí tó pe mọ́tò mi ní korobá.

KÁFÍŃTÀ: Korobá onítáyà mẹ́rin. Mo ka táyà mọ́ ọn.

TÍṢÀ: Bọ̀dá!

MÀDÁÁMÙ: Ohùn ta ni mò ń gbọ́ yẹn?

KÁFÍŃTÀ: Àbúrò mi ni. Òun náà wà lórí fóònù. Màdáámù, ẹ gbọ́. Iṣẹ́ àbúrò mi, ó ṣì ń ṣe é. Kò fi sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù.

MÀDÁÁMÙ: Lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ dúró láàárín ọ́fíìsì mi, ẹ nawọ́ sókè bí oníwàásù, ẹ ní kò ṣe mọ́. Learner mẹ́ta ni ò padà wá, wọ́n ní tíṣà àwọn ti lọ. Kí ló yí padà?

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀rọ̀ ló yí padà.

MÀDÁÁMÙ: Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀. Ta ló yí i?

KÁFÍŃTÀ: Màdáámù, tó bá jẹ́ ti ẹ̀bi, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

MÀDÁÁMÙ: Èmi?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀yin. Káfíńtà tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé karùn-ún ló wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù fún yín, ẹ sì gbà á gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà lórí tábìlì! Ẹ ò pe ẹni tó ni iṣẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

MÀDÁÁMÙ: Ṣé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn?

KÁFÍŃTÀ: Àlàyé ni.

MÀDÁÁMÙ: Ẹ fi àlàyé yín kan àga. Ó dàbọ̀.

TÍṢÀ: Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má pa fóònù! Bọ̀dá!

KÁFÍŃTÀ: Ẹ dúró ná.

MÀDÁÁMÙ: Mo dúró. Ẹ gbọ́ mi, bàbá. Mo fẹ́ràn àbúrò yín. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí mọ́tò mi kankan tó fi ara gbá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí ti Fádà. Lẹ́tà yẹn ti wà níwájú mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tuntun yẹn lè máa kọ́ àwọn tó ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ bú mi nínú ilé mi, níṣojú àwọn tí mò ń kọ́. Ẹ sọ pé ẹ ṣàṣìṣe, mo fọwọ́ sí i.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

MÀDÁÁMÙ: Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.

TÍṢÀ: Méjìlá ku mọ́kànlá, Bọ̀dá.

KÁFÍŃTÀ: Mo gbọ́ iye tó kù!

[Káfíńtà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nǹkan onírin kan já bọ́ sílẹ̀.]

TÍṢÀ: Bọ̀dá. Ìyàwó yín dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ó ní kí ẹ sọ gbólóhùn yẹn kan ṣoṣo. Mo wà níbẹ̀. Ẹ ń fá pákó.

KÁFÍŃTÀ: Má fi ìyẹn sí i.

TÍṢÀ: Mo ti fi sí i.

KÁFÍŃTÀ: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Mo ṣàṣìṣe.

MÀDÁÁMÙ: Hẹlò?

KÁFÍŃTÀ: Mo ti sọ ọ́.

MÀDÁÁMÙ: Kí lẹ sọ? Ó ń já. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

KÁFÍŃTÀ: Ṣé ẹ gbọ́ mi báyìí?

MÀDÁÁMÙ: Mo gbọ́ “báyìí”. Mi ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

KÁFÍŃTÀ: Mo ní mo ṣàṣìṣe.

MÀDÁÁMÙ: Ẹ ní ẹ ṣe kí ni?

KÁFÍŃTÀ: Mo ṣàṣìṣe! Mo ní mo ṣàṣìṣe! Iṣẹ́ ọmọdé ni mo ṣe, mo ka káàdì, mi ò ka ènìyàn! Ṣé ó tó, àbí kí n lọ gun òrùlé?

[Ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí wọ́n ti ń jó irin, dákẹ́ lọ gbáà. Ẹnì kan níbẹ̀ pàtẹ́wọ́.]

KÁFÍŃTÀ: Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ níbẹ̀ yẹn! Oníwèrè gbogbo!

MÀDÁÁMÙ: Ó tó. Mo ti fọwọ́ sí i. Mò ń ya fọ́tò rẹ̀... mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Fádà. Èyí tó jẹ́ ìwé gan-an ń bọ̀ lọ́wọ́ learner. Bàbá, korobá ń kí yín o.

KÁFÍŃTÀ: Kó máa yí lọ.

[Fóònù kejì kú. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń lọ. Lọ́dọ̀ Tíṣà, ẹsẹ̀ ń dún lórí ilẹ̀ olókùúta, ilẹ̀kùn kan ṣí.]

OHÙN ỌKÙNRIN KAN: Tíṣà! Ó ti dé. Bíṣọ́ọ̀bù ti rí i. Ó ní ó di Sátidé, kó o tètè dé.

TÍṢÀ: Ẹ ṣé, Fádà. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ bá mi kí wọn.

KÁFÍŃTÀ: Hẹlò? Kí ni wọ́n wí? Àbúrò? Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Wọ́n ní ó di Sátidé.

KÁFÍŃTÀ: Ẹn-hẹn. Mo sọ fún ọ pé màá tún un ṣe.

TÍṢÀ: Ṣé ẹ̀yin lẹ tún un ṣe?

KÁFÍŃTÀ: Ta ló tún un ṣe? Ṣé ọkọ rẹ ló pe Màdáámù ni? Èmi ni mo pè é.

TÍṢÀ: Lóòótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ gbé iná sí ilé, ẹ̀yin náà lẹ wá da omi.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò ní wá ní Sátidé o. Kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n máa wo àbúrò mi tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́?

TÍṢÀ: Agogo mẹ́wàá ni. Ìjókòó àkọ́kọ́, lápá ọ̀tún.

KÁFÍŃTÀ: Mo ní mi ò wá.

TÍṢÀ: Mo gbọ́. Agogo mẹ́wàá.

KÁFÍŃTÀ: Nígbà tó o bá darúgbó, tí eegun bá ń ro ọ́, ta ló máa gbé omi fún ọ nínú yàrá méjì yẹn? Bíṣọ́ọ̀bù?

TÍṢÀ: Ta ló ń gbé e fún ẹ̀yin?

KÁFÍŃTÀ: Èmi fúnra mi ni.

TÍṢÀ: Ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe.

[Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.]

KÁFÍŃTÀ: Ó tán, àbí? Kí n padà sídìí iṣẹ́ mi.

TÍṢÀ: Kò tán. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún Màdáámù yẹn.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló ṣe é?

TÍṢÀ: Ẹ ò tíì sọ ọ́ fún mi.

KÁFÍŃTÀ: O gbọ́ ọ! Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ! Wọ́n tún pàtẹ́wọ́!

TÍṢÀ: Màdáámù lẹ sọ ọ́ fún. Èmi lẹ sì ṣẹ̀. Iṣẹ́ mi lẹ tú ká, kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbésí ayé mi lẹ dì sínú àpótí láì bi mí.

KÁFÍŃTÀ: Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ: Ẹ sọ ọ̀kan tèmi.

KÁFÍŃTÀ: Ìwọ ọmọ yìí, ojú rẹ le.

TÍṢÀ: Ilé kan náà la ti jáde. Mò ń dúró, Bọ̀dá.

[Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí ìlà. Káfíńtà jìnnà sí fóònù díẹ̀, ó wo ìta bóyá àwọn tó ń jó irin ń gbọ́, ó padà wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.]

KÁFÍŃTÀ: Ṣé o gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Mò ń gbọ́ yín.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò ní tún un sọ lẹ́yìn èyí o.

TÍṢÀ: Mo ti gbọ́.

KÁFÍŃTÀ: Àbúrò. Mo ṣà—

[Ìpè já. Ó sọ èyí tó kù tán sínú fóònù tó ti kú, ó sì kà á sí pé òun ti sọ ọ́.]